Ògún Onírè Nínú Eré Àwọn Gíríìkì

Oṣù kẹjọ ni ọdún Ògún ní Ìrè-Èkìtì, kò sì sí ọmọ ìlú náà tí kò gbọ́ ìtàn rẹ̀ rí. Ògún ti ojú ogun dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó bá àwọn ará Ìrè níbi àpéjọ kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ti fọhùn. Ó kí wọn, ẹnì kan kò dá a lóhùn. Ó rí agbè ẹmu tí wọ́n tò kalẹ̀, ó gbé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, òfìfo ni gbogbo wọn. Inú bí i, ó fa idà yọ, orí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Ìgbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ ni wọ́n tó là á yé e pé èèwọ̀ ọjọ́ náà ni kò jẹ́ kí wọ́n fọhùn. Àwọn ènìyàn rẹ̀ ló pa. Kò lè fara da ohun tí ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Ó wọlẹ̀ ní Ìrè, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bọ ọ́ títí di òní.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1973, Ògún yìí kan náà wọ ilé ìwòran Old Vic ní Lọ́ńdọ̀nù, àmọ́ orúkọ mìíràn ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

National Theatre ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló bẹ Wọlé Ṣóyínká lọ́wẹ̀ pé kó tún The Bacchae kọ, eré tí Euripides ará Gíríìkì fi sílẹ̀ kó tó kú, tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe ní nǹkan bí ọdún 405 ṣáájú ìbí Jésù. Dionysus, òrìṣà ọtí wáìnì, ló dé sí ìlú Thebes. Pentheus tó jẹ́ ọba níbẹ̀ ní irọ́ ni, kì í ṣe òrìṣà, ó sì fi í sẹ́wọ̀n. Òrìṣà náà gun àwọn obìnrin ìlú, wọ́n gba orí òkè lọ. Níbẹ̀ ni Agave, ìyá Pentheus fúnra rẹ̀, ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fa ọmọ rẹ̀ ya. Ó gbé orí ọmọ náà wọ̀lú tayọ̀tayọ̀, ó ń pe aráyé kí wọ́n wá wo orí kìnnìún tí òun pa. Ìgbà tí òrìṣà fi í sílẹ̀ tán ni ojú rẹ̀ là, tó rí ohun tó gbé dání.

Ẹni tó bá ti mọ ìtàn Ìrè kò nílò àlàyé púpọ̀ mọ́. Ọtí wà níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ẹni tí agbára kan gùn wà níbẹ̀ tó ń pa ará ilé rẹ̀ láìmọ̀, ojú sì là nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ṣóyínká ti ń ro ọ̀rọ̀ Ògún tipẹ́ kí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù tó ránṣẹ́ sí i. Ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ ní Ìrè wà nínú ewì gígùn rẹ̀ Idanre, tó jáde ní 1967. Nínú àpilẹ̀kọ tó pè ní The Fourth Stage, ó ní Ògún ni òṣèré àkọ́kọ́, nítorí òun ló kọ́kọ́ fi ara wewu, tó lànà gba inú òkùnkùn tó wà láàárín òrìṣà àti ènìyàn kí àwọn yòókù tó tẹ̀lé e. Nítorí náà, nígbà tí Dionysus délé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló rí: òrìṣà wáìnì àti òrìṣà tí ẹmu mú ṣìnà.

Ohun tó ṣe sí eré náà pọ̀ ju kí ó yí orúkọ padà lọ. Ó kó ẹrú wọ inú rẹ̀, ó fún wọn ní olórí, ó jẹ́ kí ìbínú wọn jẹ́ apá kan nínú ohun tó ń ti òrìṣà náà lẹ́yìn. Ó fi ìran ìgbéyàwó méjì sí i, ọ̀kan jẹ́ ti àwọn Gíríìkì, èkejì sì jẹ́ ti Kánà ti Gálílì, níbi tí omi ti di wáìnì. Ìparí eré náà ló wá yàtọ̀ pátápátá sí ti Euripides. Ní ti Euripides, ẹkún àti ìlékúrò-nílùú ló kẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ní ti Ṣóyínká, wáìnì ló tú jáde láti orí Pentheus, ìdílé rẹ̀ sì mu nínú rẹ̀, títí kan Agave ìyá rẹ̀. Ní Ìrè, agbè ṣófo, ẹ̀jẹ̀ ṣàn. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ìbá ti máa ṣàn ni ọtí ti jáde. Ó dà bí ẹni pé ọmọ Yorùbá kan ń san gbèsè agbè òfìfo ọjọ́ náà lójú gbogbo ayé.

Eré àtijọ́ kì í wà láàyè nítorí pé ó ti pẹ́. Ẹni tó bá gbé òrìṣà tirẹ̀, ìjà tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń dùn ún wọ inú rẹ̀ ló ń jí i. Àwọn òǹkọ̀wé Yorùbá ti ṣe èyí débi tí àwọn onímọ̀ eré Gíríìkì ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà fi ń kọ ìwé nípa wọn, wọn kò sì lè ṣe é láìfọwọ́ kan Ògún.

Ẹ wo ti Ọlá Rótìmí. Oṣù Kejìlá ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe The Gods Are Not to Blame ní ibùdó àṣà Orí Olókun ní Ilé-Ifẹ̀. Ìtàn Oedipus tí Sophocles kọ ló gbé e kalẹ̀: ọmọ tí wọ́n bí sínú àṣẹ pé yóò pa bàbá rẹ̀, yóò sì fi ìyá rẹ̀ ṣaya. Ọdẹ́wálé ni Rótìmí pe ọmọ náà, Adétùsà ni bàbá, Ojúọlá ni ìyá, ìlú wọn ń jẹ́ Kutuje. Ní ti àwọn Gíríìkì, oríta ni ìjà ti ṣẹlẹ̀, nítorí ta ni yóò yà fún ta ni lójú ọ̀nà. Rótìmí gbé ìjà náà wọ oko iṣu lẹ́bàá Ẹdẹ. Ọdẹ́wálé bá àgbà ọkùnrin kan àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tí wọ́n ń wu iṣu lóko tó fi owó ara rẹ̀ rà. Wọ́n pè é lólè. Ìyẹn kò tíì tó, àgbà náà tún fi ohùn ẹnu rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó bú ẹ̀yà tó ti wá. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Wọ́n fi oògùn bá ara wọn jà; nígbà tó ku díẹ̀ kí oògùn àgbà náà borí, Ọdẹ́wálé ké pe Ògún, ó sì fi ọkọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pa á.

Ọkọ́, ẹ jọ̀wọ́. Irin tí àgbẹ̀ fi ń wá oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló di ohun ìpànìyàn. Kò sí irú rẹ̀ nínú eré Sophocles, ẹni tí kò bá sì mọ̀ pé Ògún ló ni ọkọ́, ló ni idà, ló tún ni abẹ tí a fi ń kọlà kò lè rí gbogbo ohun tó wà nínú ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ìbẹ̀rẹ̀ eré pàápàá, àwòrò Ògún ni wọ́n fà á lé lọ́wọ́ láti so ẹsẹ̀ ọmọ jòjòló náà pọ̀ kí wọ́n tó gbé e lọ sígbó.

Ogun abẹ́lé ń jà ní Nàìjíríà nígbà tí Rótìmí ń kọ eré yìí. Ìyẹn ló jẹ́ kí ó sọ ìgbéraga Oedipus di ìbínú ẹni tí wọ́n bú ẹ̀yà rẹ̀. Ó ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé àwọn alágbára ayé, àwọn orílẹ̀-èdè ńláńlá tí a máa ń dá lẹ́bi fún wàhálà wa, ni òun ń pè ní òrìṣà nínú àkọlé náà. Ó ní kí a má kàn máa di ẹ̀bi lé wọn lórí nígbà tí ìkórìíra tó wà láàárín àwa fúnra wa ló ṣí ilẹ̀kùn. Oxford University Press tẹ ìwé náà ní 1971, àìmọye ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ló sì ti kà á láti ìgbà náà. Púpọ̀ nínú wọn mọ Ọdẹ́wálé dáadáa ní ọdún pípẹ́ kí wọ́n tó gbọ́ orúkọ Oedipus. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá àtúnkọ eré kan yọrí, èyí ni ẹ̀rí tó dájú jù.

Kí á kúrò lórí ìtàgé díẹ̀. Ìrè kò jìnnà sí Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ibẹ̀ sì ni irú iṣẹ́ yìí ti ṣẹlẹ̀ lára igi kí ó tó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O'Mahoney, àwọn àlùfáà Kátólíìkì ti ẹgbẹ́ SMA, dá ibi iṣẹ́ ọnà kan sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́. Wọn kò kó àwòrán wá láti Róòmù pé kí àwọn agbẹ́gilére máa wò ó kọ. Wọ́n pe Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ògún ará Òsì, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọ̀gá nínú àwọn tó ń gbẹ́ ère Ẹpa, wọ́n sọ ìtàn inú Bíbélì fún un, wọ́n sì fi iyókù sílẹ̀ fún ọwọ́ rẹ̀. Lámidi Fákẹ́yẹ láti Ìlá Ọ̀ràngún, Mùsùlùmí, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn amòye mẹ́ta láti ìlà oòrùn tí wọ́n gbẹ́ jáde jọ ọba Yorùbá. Ère Màríà kúnlẹ̀ bí àwọn obìnrin ṣe máa ń kúnlẹ̀ lára òpó ààfin. Ẹni tó ti rí ère Ẹpa rí, pẹ̀lú jagunjagun lórí ẹṣin àti ìyá ọlọ́mọ lókè rẹ̀, yóò mọ ibi tí ọwọ́ náà ti wá. Ibi iṣẹ́ náà kò kọjá 1954, ṣùgbọ́n Fákẹ́yẹ gbé ohun tó kọ́ níbẹ̀ dé Ifẹ̀, ó sì gbé e kárí ayé. Ẹ̀kọ́ tó wà nínú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Rótìmí: ìtàn lè ti ibikíbi wá, ọwọ́ tó ń gbẹ́ ẹ ni yóò sọ ẹni tó ni ín. Àríwá Èkìtì mọ èyí kí yunifásítì kankan tó kọ́ ọ.

Ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n ni Kọ́lá Ògúnmọ́lá. Ọmọ Òkèmẹ̀sí-Èkìtì ni, 1925 ni wọ́n bí i. Iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe kó tó kó ẹgbẹ́ eléré jọ. Ní 1962, School of Drama ní Yunifásítì Ìbàdàn gbà á fún oṣù mẹ́fà, owó Rockefeller ni wọ́n sì fi ṣe é. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gbé Lánkẹ́ Ọ̀mu jáde, láti inú The Palm-Wine Drinkard tí Amos Tutùọlá kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Demas Nwoko ló ya ìtàgé náà. Ẹmu náà tún ni. Ọ̀mùtí kan ni ẹni tó ń dá ẹmu fún un já láti orí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀mùtí sì gbéra láti wá a lọ sí ìlú àwọn òkú.

Ẹ rò ó wò. Ọmọ Abẹ́òkúta kan fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn tí èdè Yorùbá gbé dání, ọmọ Òkèmẹ̀sí gbà á, ó dá a padà sí Yorùbá, ó fi orin àti ìlù sí i. Ní 1969, eré náà dé Algiers níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ìbàdàn tẹ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jáde ní ìwé ní 1968, ìdí nìyẹn tí a fi lè kà á lónìí. Ògúnmọ́lá kú ní 1973, ọdún kan náà tí Dionysus ti Ṣóyínká dé Old Vic.

Ọ̀rọ̀ owó wà níbí tí àwọn tó ń kọ̀wé nípa eré kì í sáàbà mẹ́nu bà. Ẹgbẹ́ Ògúnmọ́lá kì í ṣe ẹgbẹ́ yunifásítì. Eré ni wọ́n ń jẹ. Bí wọ́n bá dé ìlú kan, wọ́n á fi ọkọ̀ akẹ́rù yí ìlú ká, wọ́n á lu ìlù, wọ́n á kígbe orúkọ eré alẹ́ ọjọ́ náà. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tàbí ti ìlú ni wọ́n ń lò, owó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ń ra epo, òun ni wọ́n fi ń bọ́ òṣèré, òun náà ni wọ́n fi ń tún ẹ̀rọ ìmọ́lẹ̀ ṣe. Ọ̀pọ̀ olórí ẹgbẹ́ fẹ́ àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ wọn níyàwó kí òṣèré má baà sá lọ láàárín ọdún. Bí eré kan bá sú èrò, ìyà jẹ gbogbo ilé nìyẹn. Nítorí náà, nígbà tí Ògúnmọ́lá mú ìwé Tutùọlá, kò mú un torí kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lè yìn ín. Ó ní láti mọ̀ pé ìyá ọlọ́jà tó san owó wọlé kò ní dìde lọ kí ó tó parí. Irú òfin bẹ́ẹ̀ máa ń mú kí àtúnkọ dára.

Fẹ́mi Ọ̀ṣọ́fisan kò ní ọkọ̀ akẹ́rù, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó tún eré àtijọ́ kọ tó o láàárín wa. Ó mú The Government Inspector tí Gogol ará Rọ́ṣíà kọ, ó sọ ọ́ di Who's Afraid of Solarin?, níbi tí àwọn aláṣẹ ìjọba ìbílẹ̀ tó ti jẹ owó ìlú ti ń gbọ̀n pé Tai Ṣóláàrín, alárìíwísí ìjọba, ń bọ̀ wá yẹ ìwé wò. Dọ̀tun Ògúndèjì sọ ọ́ di Yorùbá, Yéèpà! Ṣóláàrín Ń Bọ̀. Ó mú Antigone, ó sọ ọ́ di Tegonni, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà ní 1994: ọmọ ọba Yorùbá kan ń bá gómìnà àwọn òyìnbó jà lórí òkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n ní wọn kò gbọdọ̀ sin.

Èyí tó wúwo jù nínú wọn ni Women of Owu. Ilé ìwòran Chipping Norton ní Ìlú Ọba ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́, wọ́n sì ṣe é ní 2004. Eré Euripides nípa àwọn obìnrin Troy tí ogun pa ọkọ wọn ló dì mú, ṣùgbọ́n Òwu ló gbé e lọ, ìlú tí àwọn ọmọ ogun Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀ àti àwọn asásálà Ọ̀yọ́ dó tì, tí wọ́n sì fọ́ túútúú ní bí igba ọdún sẹ́yìn. Àwọn obìnrin Òwu jókòó lẹ́yìn odi tó ti wó, wọ́n ń dúró kí wọ́n pín wọn fún àwọn tó ṣẹ́gun. Ọdún kejì tí Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba wọ Ìráàkì ni èrò Ìlú Ọba ń wo eré náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ ìlú tí Ọ̀ṣọ́fisan tún ń sọ̀rọ̀ bá. Yorùbá náà kò sì lè yọ ara rẹ̀: ọmọ ìyá wa ló fọ́ Òwu. Mo ka eré yìí sí ọ̀kan nínú ohun tó ní ìgboyà jù tí òǹkọ̀wé wa kankan ti kọ, nítorí kò fi ẹ̀bi náà ránṣẹ́ sí ilé aládùúgbò.

Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo eré Rótìmí, Ṣóyínká àti Ọ̀ṣọ́fisan tí a ń sọ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ló ń mí lábẹ́ wọn. Ní 2012, ilé ìwòran Globe ní Lọ́ńdọ̀nù pe eré Shakespeare mẹ́tàdínlógójì jọ ní èdè mẹ́tàdínlógójì. Ẹgbẹ́ Renegade láti Èkó, tí Wọlé Ògúntókun darí, gbé The Winter's Tale lọ ní Yorùbá, wọ́n pè é ní Ìtàn Ògìnìntìn. Tádé Ìpàdéọlá ló túmọ̀ rẹ̀. Ọba tó ń jowú di Ṣàngó, ìyàwó tó ń fura sí di Ọya, ọ̀rẹ́ tó rò pé ó ń gba ìyàwó òun sì di Ògún. Ẹni tó bá mọ ohun tí ìtàn sọ nípa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò rí i pé àtúnkọ yìí ní ọgbọ́n nínú: Ọya ti ṣe aya Ògún rí kí ó tó lọ sọ́dọ̀ Ṣàngó. Owú tí kò nídìí lọ́wọ́ ọba Shakespeare ti wá ní gbòǹgbò.

Ìlú mìíràn tó yẹ kí àwọn tó ń ṣòwò eré lọ́dọ̀ wa wò dáadáa ni Mòǹgólíà. Ènìyàn ibẹ̀ kò ju nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta àbọ̀ lọ, darandaran ṣì pọ̀ nínú wọn, irun ewúrẹ́ kashmia àti ohun àlùmọ́ọ́nì abẹ́ ilẹ̀ ni ayé sì mọ̀ wọ́n mọ́. Bavuugiin Lkhagvasuren, òǹkọ̀wé wọn, kọ eré kan ní nǹkan bí òpin ọ̀rúndún tó kọjá nípa ọba àtijọ́ kan, olùdámọ̀ràn rẹ̀ tó ń dìtẹ̀, àti ọmọ ọwọ́ méjì tí wọ́n pààrọ̀ láàfin. Ní 2022, olùdarí tó ń jẹ́ Hero Baatar tún un gbé kalẹ̀ ní Ulaanbaatar pẹ̀lú ijó, orin àti aṣọ olówó iyebíye. Ní oṣù kọkànlá 2023, wọ́n gbé e dé London Coliseum, The Mongol Khan ni wọ́n pè é. Èdè Mòǹgólíà ni wọ́n fi ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ń hàn lójú pátákó. Wọn kò dúró de ilé ìwòran òyìnbó kan pé kó ránṣẹ́ sí wọn. Eré tiwọn ni wọ́n gbé lọ, wọ́n sì gbé orúkọ wálé.

Iye ọmọ Yorùbá tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù nìkan tó láti kún Coliseum ní ọ̀pọ̀ alẹ́. Òwò náà wà nílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìtàn Ẹlẹ́ṣin fi bí òwò náà ṣe lè rí hàn. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládígbòlù wàjà ní òpin 1944. Nígbà tí Olókùn-Ẹṣin rẹ̀, ìjòyè tí eré pè ní Ẹlẹ́ṣin, fẹ́ bá a lọ gẹ́gẹ́ bí àṣà, aláṣẹ òyìnbó dá a dúró, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sì kú dípò rẹ̀. Dúró Ládiípọ̀ sọ ọ́ di eré Yorùbá, Ọba Wàjà, ní 1964. Ṣóyínká kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, Death and the King's Horseman, ní 1975. Akínwùmí Ìṣọ̀lá dá ti Ṣóyínká padà sí Yorùbá ní 1994, Ikú Olókùn-Ẹṣin. Ní 2022, Bíyí Bándélé sọ ọ́ di fíìmù Yorùbá fún EbonyLife ti Mọ́ Abúdù, Ẹlẹ́ṣin Ọba, tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Toronto ní oṣù kẹsàn-án kí Netflix tó gbé e sáfẹ́fẹ́ ní oṣù kọkànlá. Bándélé kò rí i. Ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún náà.

Ẹni tó ṣe Ẹlẹ́ṣin nínú rẹ̀ ni Ọdúnladé Adékọ́lá. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ṣùgbọ́n ọmọ Ọ̀tùn-Èkìtì ni, ní Mọ̀bà, àríwá Èkìtì níbí. Inú fíìmù Yorùbá tí ọlọ́jà àti awakọ̀ ń wò ló ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká, kì í ṣe inú kíláàsì lítíréṣọ̀. Bándélé mọ ohun tó ń ṣe nígbà tó yàn án. Eré tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rù pé ó le ju òye àwọn lọ wá di ohun tí ìyá àgbà lè jókòó wò pẹ̀lú ọmọ-ọmọ rẹ̀ lórí fóònù. Láti ìgbà náà, àwọn fíìmù Yorùbá tó ń gbé ìtàn àtijọ́ dìde ti pọ̀ lórí Netflix. House of Ga'a tí Bọ́láńlé Austen-Peters ṣe jáde ní 2024, lórí ọkùnrin kan náà tí Adébáyọ̀ Fálétí ti kọ eré Baṣọ̀run Gáà lé lórí ní 1972.

Kí wá ni Ìrè rí gbà nínú gbogbo èyí? Ògún ti dé Old Vic, ó ti dé Globe, ó ti wà lọ́wọ́ Ọdẹ́wálé nínú àpò ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti Èkó dé Kánò. Ìlú tí Ògún ti wọlẹ̀ kò jèrè tó bẹ́ẹ̀. Federal University Oye-Ekiti wà nítòsí láti 2011, ẹ̀ka ìmọ̀ eré àti iṣẹ́ ìròyìn wà níbẹ̀, àwọn ọmọ tó lè ṣeré ń jáde lọ́dọọdún, Èkó sì ni púpọ̀ nínú wọn ń wo ọ̀nà rẹ̀. Àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn onílù àti àwọn tó mọ orin Ògún wà ní Ìrè. Èrò ń wọ̀lú fún ọdún Ògún ní oṣù kẹjọ. Ohun tí ẹgbẹ́ Ògúnmọ́lá fi ń jẹun nígbà kan rí, ìyẹn ìtàn tó dára, èrò tó ti pé jọ àti ibi tí a lè gba owó ẹnu ọ̀nà, kò sí èyí tí kò sí níbẹ̀.

Eré tó yẹ kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni The Bacchae. Kí ẹnì kan dá ti Ṣóyínká padà sí Yorùbá gẹ́gẹ́ bí Ìṣọ̀lá ti ṣe fún Olókùn-Ẹṣin, kí ó tilẹ̀ fi ẹ̀ka-èdè Èkìtì sí ẹnu àwọn ẹrú àti àwọn obìnrin orí òkè. Kí wọ́n bá Onírè, ọba ìlú náà, àti àwọn àwòrò sọ̀rọ̀ ná, kí wọ́n mọ ohun tó ṣeé ṣe ní gbangba àti èyí tó jẹ́ ti inú igbó nìkan, kí wọ́n sì yan ọjọ́ tí kò ní dí ètùtù lọ́wọ́. Kí wọ́n gba owó tó ṣeé san lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n ya fíìmù rẹ̀, kí wọ́n tà á.

Bí wọ́n bá sì tà á, òfin ti wà fún orúkọ ìlú. Láti 1988 ni òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ní Nàìjíríà ti sọ pé ẹni tó bá lo ìtàn, orin tàbí ijó ìbílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn gbọdọ̀ dárúkọ àwùjọ tàbí ìlú tó ti mú un, òfin tuntun ti 2022 sì ṣì ń dáàbò bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fíìmù kì í sáàbà rántí rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ará Ìrè rántí rẹ̀ fún wọn: agbẹjọ́rò kan tó jẹ́ ọmọ ìlú lè kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ fíìmù kọ̀ọ̀kan tó bá ń ya ìtàn Ògún, kí ó béèrè pé kí orúkọ Ìrè-Èkìtì hàn lójú amóhùnmáwòrán kí orúkọ olùdarí tó hàn, kí wọ́n sì jọ sọ iye tí yóò wọ àpò ìlú.